Ọjọ́ Tí A Bá Ń Gé Awọ Funfun

Bàbá wa, ọdún mẹ́fà pé lónìí tí ẹ ti fi wá sílẹ̀. Ọdún mẹ́fà! Màmá ní èmi ni kí n kọ ìwé ìrántí ti ọdún yìí, pé nínú gbogbo ọmọ tí ẹ bí, èmi tí mi ò lè sọ̀rọ̀ láwùjọ ni mo mọ ọ̀rọ̀ tò sórí ìwé jù. Ẹ̀yin náà lẹ kọ́ mi. Ìdí àga iṣẹ́ yín ni mo ti mọ a-b-d, nígbà tí ọ̀rọ̀ mi sú wọn nílé ìwé nítorí pé n kì í dáhùn bí wọ́n bá pe orúkọ mi. Ẹ ní kò burú, ẹni tí kò bá fẹ́ sọ ọ́, kó kọ ọ́. Mo ń kọ ọ́ nìyí.

Ohun púpọ̀ ló ti yí padà lẹ́yìn yín. Yàrá ẹ̀yìn tí ẹ wọn fèrèsé rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta tí ẹ ò rí kàn ti parí, oòrùn àárọ̀ sì ń wọ ibẹ̀ bí ẹ ṣe fẹ́. Àbúrò mi obìnrin tí ẹ máa ń gbé kọ́ èjìká ti ga jù mí lọ. Bàtà kan náà la jọ ń wọ̀ báyìí, òun ló sì máa ń gbà á mọ́ mi lọ́wọ́. Ṣọ́ọ̀bù kò tì. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló jókòó sórí àga yín, ó ń gé awọ, ó ń kan àtẹ́lẹsẹ̀. Àwọn oníbàárà tó ń pè yín ní Bàbá Bàtà ti sọ òun náà ní Bàtà Kékeré. Kò fẹ́ràn rẹ̀, àmọ́ ó ń jẹ́ ẹ.

Ọ̀rẹ́ yín agẹrun tó wà níwájú ilé, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Kòkánjú torí bí wọ́n ṣe ń pẹ́ lórí orí kan ṣoṣo, ṣì wà níbẹ̀. Wọ́n ṣì ń fi ìpẹ̀kun bẹ́ńṣì wọn sílẹ̀ fún yín. Bí àlejò bá jókòó síbẹ̀, wọ́n á rọra ní kó sún díẹ̀.

Bàbá, ọ̀rọ̀ ọkàn yín ni mo fẹ́ sọ. A kì í sọ ọ́ nílé yìí.

Mo rántí ọjọ́ tí ẹ kọ́kọ́ ṣàlàyé rẹ̀ fún wa. Ẹ gun àtẹ̀gùn dé àárín, ẹ dúró, ẹ di àyà mú. Ẹ ní ó dà bí ọmọṣẹ́ tí kò tíì mọ hámà lò: ó lu mẹ́ta kíákíá, ó dúró, ó ronú, ó wá lu ẹyọ kan gbì. Dókítà gbọ́ ọ, ó rẹ́rìn-ín, ó ní bó ṣe rí gan-an nìyẹn. Ó ní ọkàn yín kò lù déédéé mọ́, pé àìsàn tí èèyàn lè bá gbé fún ọ̀pọ̀ ọdún ni bó bá gbọ́ràn. Oògùn méjì ló kọ: ọ̀kan tó ń mú ọkàn rọlẹ̀, èkejì tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Ó ní bí ọkàn bá ń lù ségesège, ẹ̀jẹ̀ a máa dúró sójú kan nínú rẹ̀, a sì máa dì. Nítorí náà oògùn kejì yẹn kò gbọdọ̀ fo ọjọ́ kan, ara ì báà yá, ara ì báà má yá.

Ẹ sì gbọ́ràn! Ẹ fi kọfí sílẹ̀. Ẹ ní kí Màmá dín iyọ̀ kù. Ẹ ń rìn yí àdúgbò po láàárọ̀, ẹ̀yin tí ẹ kì í dìde lórí àga bí kò ṣe pé oúnjẹ dé. Bí ẹ bá rìn tán, tí ẹ sinmi, ẹ á na ọrùn ọwọ́ sí mi, n ó fi ìka méjì kàn án, n ó máa ka bí ọkàn yín ṣe ń lù, ẹ̀yin á máa wo aago ògiri. Ìṣẹ́jú kan gbáko ni nọ́ọ̀sì ní ká máa kà, kì í ṣe ààbọ̀, nítorí pé ọkàn tí kò lù déédéé, ààbọ̀ àkọ́kọ́ kì í jọ ààbọ̀ kejì. N ó wá kọ iye rẹ̀ sínú ìwé aláwọ̀ ewé. Méjìlélọ́gọ́rin. Mọ́kànlélọ́gọ́rùn-ún. Mẹ́rìndínlọ́gọ́rin. Lọ́jọ́ kan Kòkánjú bá wa nídìí rẹ̀, wọ́n ní kí ló dé tí ọmọ yín fi dì yín lọ́wọ́ mú bí ẹni mú olè. Ẹ ní ẹ̀yin kọ́ ló mú, ọkàn yín tó fẹ́ sá lọ ni. A rẹ́rìn-ín títí.

Níbí ni ọ̀rọ̀ ti ń ṣòro fún mi, Bàbá.

Oògùn kejì yẹn kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ojú ọgbẹ́ tètè dá. Ẹ sì mọ iṣẹ́ wa, kò sí aránbàtà tí ọ̀bẹ kì í bu ìka rẹ̀ jẹ. Tẹ́lẹ̀, ẹ á fi ẹnu mu ún, iṣẹ́ á máa lọ. Lọ́jọ́ tí ẹ ń gé bàtà funfun fún ìyàwó tuntun kan, ọ̀bẹ yọ̀, ẹ̀jẹ̀ kán sórí awọ, kò sì dáwọ́ dúró. Awọ náà bàjẹ́ láti etí dé etí. Ojú tì yín, ẹ̀yin tí ẹ ò ba awọ oníbàárà jẹ́ rí láti ìgbà tí ẹ ti wà lọ́mọṣẹ́. Láti ìgbà náà, gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Ẹtì tí a máa ń gé awọ, ẹ ò gbé oògùn kejì mì mọ́. Ẹ á fi sábẹ́ ahọ́n títí Màmá á fi kúrò, ẹ á wá tu ú sínú ìdérí agolo pólíṣì. Mo rí yín. Ẹ sì rí i pé mo rí yín.

"Má sọ fún ìyá ẹ," lẹ wí. "Awọ funfun ò gba ẹ̀jẹ̀."

Mi ò sọ. Dókítà béèrè níwájú mi bóyá ẹ ń lò ó lójoojúmọ́. Ẹ ní lójoojúmọ́ ni. Ó yíjú sí èmi tí mo di ìwé aláwọ̀ ewé mú, mo wo ilẹ̀. Iye tí ọkàn yín ń lù ló wà nínú ìwé mi. Mi ò kọ iye oògùn tó wà nínú ìdérí agolo.

Àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta kan, lẹ́yìn tí a ti gé awọ lánàá rẹ̀, hámà jábọ́ lọ́wọ́ yín. Ẹnu yín yí sápá kan. Ẹ fẹ́ pè mí, ohun tó jáde kì í ṣe orúkọ mi. Rọpárọsẹ̀ ni. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ tó dì ló kúrò nínú ọkàn lọ dí ọ̀nà nínú ọpọlọ. Ọjọ́ kẹsàn-án lẹ dákẹ́. Háà, Bàbá mi!

Lẹ́yìn tí a sin yín, mo jókòó ti àwọn àgbà, mo ń gbọ́ wọn bí ìṣe mi. Kòkánjú ní àtẹ̀gùn ló fà á, pé ó yẹ kí ẹ ti kó wá sísàlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n yín obìnrin ní iṣẹ́ àṣejù ni. Màmá ò dá sí i, àmọ́ mo gbọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń dá sọ̀rọ̀ nídìí iná. Wọ́n ní iyọ̀ àwọn ni, pé lọ́sẹ̀ yẹn gan-an làwọn fi díẹ̀ kún ọbẹ̀ torí ẹ ń ráhùn pé ó tẹ́. Láti ọjọ́ náà, Màmá ò fi iyọ̀ sóúnjẹ ara wọn mọ́. Ọdún dọ́dún, wọ́n ń jẹ ẹ́ ní títẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo ń wò wọ́n. Mo mọ̀ pé kì í ṣe iyọ̀. Mo dákẹ́.

Ní oṣù mẹ́rin sẹ́yìn, Bàtà Kékeré dìde láti mú awọ, ó sì di tábìlì mú kó má baà ṣubú. Wọ́n gbé ẹ̀rọ sí i láyà nílé ìwòsàn. Ọkàn tiyín ni, Bàbá: mẹ́ta kíákíá, ìdúró, ẹyọ kan. Irú oògùn méjì yẹn náà ni wọ́n kọ fún un. Èmi ni mo tún ń kà fún un láàárọ̀, nínú ìwé tuntun. Kò pé oṣù kan tí mo fi rí i, lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, tó ju oògùn kejì sápò. Ó ní ó dọ̀la kóun tó lò ó, awọ funfun ló wà nílẹ̀. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ, Bàbá. Iṣẹ́ yìí ló kọ́ ẹ̀yin méjèèjì.

Mo kọ ìwé sí i, mo fi sórí àga iṣẹ́ rẹ̀. Ó kà á, ó fi nu gọ́ọ̀mù lọ́wọ́. Ó ní bí ẹ̀jẹ̀ bá ta sí bàtà oníbàárà, ṣé èmi ni mo máa wọ̀ ọ́.

Ọjọ́ tí wọ́n ní kó padà wá, èmi àti Màmá sìn ín lọ. Obìnrin ni dókítà tó wà níbẹ̀ báyìí, àmọ́ yàrá yẹn náà ni, àga onírin mẹ́ta, àti ìwọ̀n lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó béèrè ìbéèrè yẹn. Ẹ̀gbọ́n mi ní lójoojúmọ́ ni. Dókítà ti mú bírò láti kọ ọ́ sílẹ̀. Mo wo ilẹ̀ bí mo ṣe wò ó nígbà tiyín, mo wá gbójú sókè.

"Irọ́ ni, mà. Kì í lò ó lọ́jọ́ tí a bá ń gé awọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni Bàbá wa ṣe tí wọ́n fi kú. Mo mọ̀, mi ò sọ."

Mi ò sọ ọ̀rọ̀ tó gùn tó yẹn níwájú àlejò rí. Ẹ̀gbọ́n mi wò mí bíi pé mo bọ́ aṣọ lára rẹ̀. Màmá di báàgì wọn mú. Dókítà kò bá ẹnikẹ́ni wí. Ó ní kí ẹ̀gbọ́n mi tẹ́ ọwọ́ sórí tábìlì, ó wo àpá ọ̀bẹ tó wà níbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní ọgbẹ́ ìka, a ń fojú rí i. Ká fi aṣọ mímọ́ tẹ̀ ẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá láìṣí i wò, bí kò bá dá ká tún tẹ̀ ẹ́, bí kò bá tún dá ká máa bọ̀ lọ́dọ̀ òun. Àmọ́ èyí tó bá dì nínú ọkàn, kò sẹ́ni tó máa rí i títí á fi dé orí. Ó ní kó máa wọ ìbọ̀wọ́ tó nípọn sí ọwọ́ tó fi ń di awọ mú, pé bí iṣẹ́ àti oògùn bá ń jà, kó wá fẹjọ́ sun òun, kó má dá a parí.

Ọjọ́ mọ́kànlá gbáko ni ẹ̀gbọ́n mi kò fi bá mi sọ̀rọ̀. Màmá ní tiwọn wá jókòó sí ẹsẹ̀ ibùsùn mi, mo rò pé wọ́n á gbá mi létí. Ohun tí wọ́n béèrè ni pé, "Ṣé kì í ṣe iyọ̀ mi?" Mo ní kì í ṣe iyọ̀ yín, Màmá, kì í ṣe iyọ̀ yín rárá. Wọ́n sunkún bíi pé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú ni. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá bínú sí yín, wọ́n bínú gidi, wọ́n ní olórí kunkun ni yín, pé awọ lásán-làsàn lẹ fẹ́ràn ju àwọn lọ. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n fi iyọ̀ sóúnjẹ wọn.

Èmi náà bínú sí yín, Bàbá. Ẹ gbé ohun tó wúwo jù mí lọ kọ́ mi lọ́rùn, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí nígbà yẹn. Mo bínú sí yín, mo sì fẹ́ràn yín, àwọn méjèèjì jọ ń gbé inú mi. Ẹ dárí jì mí pé mo wo ilẹ̀. Èmi ti dárí jì yín.

Lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá, ẹ̀gbọ́n mi gbé oògùn rẹ̀ mì lójú wa, ó ya ẹnu kí n wò ó, ó ní ṣé ọ̀gá ọlọ́pàá ti gbà. Ó wá jókòó ti awọ funfun. Ó kù díẹ̀ kó gé e tán, ọ̀bẹ fo etí ìbọ̀wọ́. Ẹ̀jẹ̀ kán. Màmá fi aṣọ tẹ ìka náà, èmi ń ka ìṣẹ́jú, Kòkánjú sáré wọlé. Wọ́n sáré, Bàbá, Kòkánjú! Ìṣẹ́jú mẹ́wàá pé, kò tíì dá tán. A tún tẹ̀ ẹ́. Nígbà tó di ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlógún, ó dá. Ẹ̀gbọ́n mi wo awọ tó ti pọ́n kọjá àtúnṣe, ó ká a, ó jù ú sínú agbọ̀n ìdọ̀tí. Ó ní kí n bá òun mú òmíràn.

Mo mú òmíràn lórí pẹpẹ, a gé e. Oníbàárà wá gba bàtà rẹ̀ ní ọjọ́ kejì, kò sì sí àbàwọ́n kankan lára rẹ̀.

Ọdún mẹ́fà, àárò yín ń sọ Màmá. Ó ń sọ Bàtà Kékeré, ó ń sọ àbúrò wa, ó ń sọ èmi tí ẹ kọ́ níwèé. Awọ kún orí pẹpẹ, Bàbá. Kò sí pẹpẹ tí a fẹ́ na ọwọ́ sí ká rí yín mú. A fẹ́ràn yín lánàá, a fẹ́ràn yín lónìí, a ò sì ní ṣíwọ́.