Lọ́la Ni Wọn Yóò Bi Mí Bóyá Mo Lè Ṣe É

Ẹ kú ilé o, Màmá mi. Mo dọ̀bálẹ̀ kí yín láti Kánádà. Mo kí Bọ̀dá Ràfíù nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ wọn, mo kí ìyàwó wọn àtàwọn ọmọ. Ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn yín ti fúyẹ́? Ẹ pè mí títí, n kò gbé e. Ẹ má bínú. Bí ẹ bá gbọ́ ohùn mi, ẹ ó mọ̀ pé ọkàn mi kò balẹ̀.

Òtútù ibí kì í ṣe ọyẹ́ tí a mọ̀. Ọyẹ́ a máa kó ará ilé jọ sídìí iná. Ti ibí, oníkálùkù a ti ilẹ̀kùn mọ́ra. Bí n kò bá sọ̀rọ̀ lọ́fíìsì, n kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́ nìyẹn.

Wọ́n ṣì ń dán mi wò níbi iṣẹ́. Lọ́la ni ọ̀gá mi yóò bi mí bóyá mo lè dá a ṣe. Bí wọn kò bá gbà mí, n kò mọ̀ bóyá ìjọba ibí yóò jẹ́ kí n dúró.

Ojú sì tì mí lọ́sẹ̀ yìí. Fèrèsé dúdú kan wà lórí kọ̀ǹpútà tí a ń pè ní tẹ́mínà. Inú rẹ̀ ni mo ti ń tẹ àṣẹ, tí èdè tí a fi ń rán kọ̀ǹpútà níṣẹ́ ń dá mi lóhùn lójú ẹsẹ̀. Lójijì èdè náà kìlọ̀ pé tẹ́mínà mi kò lè pa ohun tó wà lójú rẹ̀ rẹ́, nítorí náà ọ̀nà àtijọ́ lòun yóò fi bá mi ṣe é. Mo tẹ bọ́tìnnì ọlọ́fà kí ó gbé àṣẹ ìṣáájú padà, àmì rádaràda ló tú jáde. Mo yọ èdè náà kúrò, mo tún fi í sí i. Kò yí padà.

Ọ̀gá mi, obìnrin tí kì í rẹ́rìn-ín púpọ̀, fa àga jókòó. Ó ní kí n wo orúkọ tí tẹ́mínà mi ń jẹ́ fún kọ̀ǹpútà. Orúkọ tẹ́mínà tí kò mọ nǹkan ṣe la bá níbẹ̀. Èmi ni mo fi í síbẹ̀, nígbà tí àmì tí kọ̀ǹpútà fi ń kun ọ̀rọ̀ láwọ̀ ń ba iṣẹ́ kan jẹ́ fún mi. Mo rò pé bí mo bá ní kò mọ nǹkan, wàhálà yóò dín. Ó yí orúkọ náà padà, gbogbo rẹ̀ sì tọ́. Ó ní, “Ohun tí o sọ ni kọ̀ǹpútà gbà gbọ́. Kò ní wádìí rẹ.”

Ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò lọ́kàn mi. Bí oníbàárà bá bi Bọ̀dá bóyá wọ́n lè rán aṣọ kan, wọ́n á ní, “A ó gbìyànjú.” Gbogbo àdúgbò wa l'Ọ̀wọ̀ mọ̀ pé ẹni tó mọṣẹ́ ló ń sọ bẹ́ẹ̀, télọ̀ tó bá ní òun mọ̀ ọ́n, wọ́n á rọra gba aṣọ wọn padà. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń dá ọ̀gá mi lóhùn láti ìgbà tí mo ti dé. Ṣé gbogbo ìgbà yẹn ló ń gbà mí gbọ́ pé n kò tíì mọ̀ ọ́n?

Ṣùgbọ́n ṣé mo mọ̀ ọ́n lóòótọ́? Ẹni tó mọ̀ ọ́n, ṣé yóò máa wá àṣìṣe tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe kiri?

N kò lè fi nǹkan ránṣẹ́ lóṣù yìí, ẹ bá mi fara dà á. Bí ọ̀gá mi bá bi mí lọ́la, mo fẹ́ wí pé mo lè ṣe é. Yóò dà bí ìgbéraga létí yín. Ẹ fún mi láyè kí n sọ ọ́ níbí, Màmá. Bí mo bá délé, tí ẹ bi mí, n ó ní mo ń gbìyànjú.

Kí Ọlọ́run fún yín ní ara líle, kí Ó jẹ́ kí a fojú kojú. Ẹ bá mi kí ará ilé àti gbogbo ẹni tó bá bèèrè mi.

Èmi ni, ọmọ yín,
Sàlíù