Omi Aláwọ̀ Ewé Tí Mo Fi Ọwọ́ Ara Mi Pa

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ? Bàbá rẹ ní kí n sọ fún ọ pé orúnkún òun ti ń gbọ́ràn díẹ̀díẹ̀. Níbikíbi tí o bá dúró sí, ilẹ̀ kò ní yọ̀ mọ́ ọ lẹ́sẹ̀.

Ìwé ni mo fi ń bá ọ sọ̀rọ̀ nítorí fóònù ti kú. Nígbà tí ojú rẹ wà nínú rẹ̀, o ní kí n jẹ́ kí o rí inú àgbá omi yẹn dáadáa, ni mo bá tì ọ́ bọ inú omi kí o lè wò ó dé ìsàlẹ̀. O pariwo lẹ́ẹ̀kan, n kò gbúròó rẹ mọ́. Jọ̀wọ́, ṣé omi kò wọ̀ ọ́ lẹ́nu?

Ṣùgbọ́n ti fóònù kọ́ ló ń dùn mí. Nígbà tí o kó olú wẹ́wẹ́ àti ewé wínníwínní tí ń hù lójú omi sínú àgbá, tí o ní omi ọṣẹ tí mo fi ń fọ aṣọ oníbàárà ni wọn yóò máa jẹ, mo rò pé àwàdà lò ń ṣe. Àfi bí omi ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í mọ́! Tọkọtaya ni mo ń pè wọ́n, nítorí o ní ọ̀kan ń fún èkejì ní èémí. Olú dì mọ́ ewé, wọ́n ṣù bí òwú, mo fi asẹ́ kó wọn, mo sá wọn sóòrùn, mo gbé wọn fún Bàbá Ẹlẹ́ja, aládùúgbò wa, kí ó fi bọ́ ẹja rẹ̀. O mọ̀ pé láti ìgbà tí omi ọṣẹ mi ti ṣàn wọ adágún rẹ̀, tó pa á lẹ́ja, kì í kí mi mọ́. Ẹja jẹ oúnjẹ náà tán, inú Bàbá Ẹlẹ́ja dùn, ó ní òun ń bọ̀ wá wo àgbá.

Ọmọ mi, ojú ló tì mí. Ta ní í gba àlejò sínú ìdọ̀tí? Ara àgbá ń yọ̀, ó sì ń rùn díẹ̀, ni mo bá da bílíìṣì sí i kí tọkọtaya náà lè wẹ̀. Nígbà tí Bàbá Ẹlẹ́ja fi máa dé, wọ́n ti kú, wọ́n funfun bí àkísà tó ti ṣí láwọ̀. Kò bínú. Ó kàn ní ìmọ́tótó tèmi yìí, ohun ẹlẹ́mìí kì í là á já. Ó yí padà lọ. Mo jókòó ti àgbá, mo sunkún.

Inú abọ́ ni mò ń da omi ọṣẹ sí báyìí, kí ó má baà ṣàn wọ adágún mọ́; abọ́ ti kún ilé, bàbá rẹ kò rí ọ̀nà gbà. Bí owó bá wà, fi ti fóònù ránṣẹ́. Bí kò bá sì tó nǹkan, tọkọtaya mìíràn ni kí o kọ́kọ́ mú wá.

Bí o ṣe ń tún omi ẹlòmíràn ṣe, omi tìrẹ kò ní dàrú. O kò ní fi ọwọ́ ìfẹ́ ba ohun rere jẹ́.

Ìyá rẹ ni.