Àpò Ata Nínú Ilé Fáìlì

Baba mi ọ̀wọ́n,

Ọwọ́ ara mi ni mo fi ń kọ lẹ́tà yìí, ẹ má wo bí ó ṣe rí wọ́gọwọ̀gọ. Ọdún yìí ni mo parí ẹ̀kọ́ àgbà tí wọ́n ń kọ́ wa ní ilé ìwé ìjọ l'Èsìẹ́, àwa ìyá àgbà tí à ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn ọmọdé. Àwọn ẹgbẹ́ mi a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́: "Ìyá, ṣé akọ̀wé lẹ fẹ́ lọ ṣe lọ́run ni?" Èmi náà á bá wọn rẹ́rìn-ín. N kò sọ ohun tí mò ń lé fún wọn.

Ẹ̀yin mọ̀ ọ́n. Ọmọ mi àkọ́kọ́ ni, èyí tí mo bí lọ́dún tí a gba òmìnira, tí kò dúró. A kò ya fọ́tò rẹ̀. Nígbà tí ẹkún mi kò dá, ẹ ní, "Dákẹ́. Mo ti kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé kánsù. Kò lè parẹ́ níbẹ̀." Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo dì mú láti ìgbà náà. Mo ní lọ́jọ́ tí mo bá mọ̀wé kà, èmi fúnra mi ni n ó fi ìka tọ orúkọ náà.

Mo rántí bí ẹ ṣe ń tọ́jú ilé fáìlì kánsù nígbà tí ẹ fi ń ṣe akọ̀wé níbẹ̀. Ẹ máa ń bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mu omi níbẹ̀, kódà ọ̀gá yín. Bí a ṣe ń fi ata gbígbẹ àti ewé tábà sínú ẹ̀wà tí a fẹ́ gbìn kí kòkòrò má bàa jẹ ẹ́, bẹ́ẹ̀ náà lẹ ṣe fún ìwé. Èmi ni mo ń rán àwọn àpò kéékèèké tí ẹ ń kó wọn sí láti ara ṣòkòtò kakí yín tó ti gbó, tí mo ń fi òwú dúdú àti pupa dì wọ́n lẹ́nu, nítorí òun la ní nílé. Ẹ gbẹ́kẹ̀ lé abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ mi. Kí ló dé tí ẹ kò fi kálámù síbẹ̀ náà? Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin nìkan lẹ rán nílé ìwé. N kò bínú mọ́. Mo kàn ń béèrè ni.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo wé gèlè ọjọ́ Ìsinmi mi, mo wọkọ̀ lọ sí ìjọba ìbílẹ̀ ní Òmù-Àrán. Obìnrin akọ̀wé kan kúnlẹ̀ kí mi dáadáa. Nígbà tí mo sọ ìwé tí mò ń wá, ojú rẹ̀ yí padà.

"Màmá, ẹ má bínú. Ìwé àtijọ́ yẹn ò sí mọ́. Nígbà tí wọ́n dá Kwara sílẹ̀, tí àwọn ọ̀gá tuntun dé, oògùn ni wọ́n bá nínú yàrá yẹn."

"Irú oògùn wo?"

"Oògùn burúkú ni, Màmá. Àpò-àpò, tí wọ́n fi òwú dúdú àti pupa dì. Kò sẹ́ni tó láyà láti yọ ìwé kúrò láàárín wọn. Wọ́n gbàdúrà, wọ́n da kẹrosíìnì sí gbogbo ẹ̀, wọ́n sun ún. Ọlọ́run ló kó wọn yọ."

Baba, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo wọkọ̀ padà. Ènìyàn burúkú kọ́ ni wọ́n. Bí n kò bá jẹ́ ọmọ yín, èmi náà ì bá ṣe àmín. Ọmọ ọmọ mi tó ń ṣe tíṣà ní Ìlọrin, tí mo fi ń yangàn káàkiri, ní kí a padà lọ ṣàlàyé pé ata lásán ni. Ta ni yóò gbà wá gbọ́? Kí sì ni wọn yóò fún mi, yàtọ̀ sí ẹ pẹ̀lẹ́?

Nítorí náà mo kọ ọ́ síbí fúnra mi: Jóṣẹ́fù Àlàó. Ṣé bí ẹ ṣe kọ ọ́ nìyẹn? Àbí Àlàó lẹ kọ́kọ́ kọ? Kò sí ibi tí mo ti lè wò ó mọ́.

Ìsàlẹ̀ àpótí aṣọ mi ni lẹ́tà yìí yóò wà. Ikán pọ̀ nínú ilé yìí, mo sì ti rán àpò ata kékeré kan tì í. Òwú funfun ni mo fi dì í lọ́tẹ̀ yìí. Síbẹ̀ ẹ̀rù ń bà mí, Baba. Ta ni yóò ṣí àpótí náà lẹ́yìn mi?

Bí ọmọ náà bá wà lọ́dọ̀ yín, ẹ bá mi gbé e mọ́ra.

Èmi ni,
Ọmọbìnrin yín tó ń rán àpò.