Bátìrì Tí O Fi Ránṣẹ́ Sí Wa

Fàdìlàt ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí gbogbo àwọn tí ẹ jọ ń tún mọ́tò eré ìje ṣe ní Èkó. Iná kò ní gbé yín, irin iṣẹ́ kò ní gé yín lọ́wọ́. Ara tiwa náà dá díẹ̀díẹ̀. Ẹsẹ̀ ṣì ń dun ìyá rẹ, ṣùgbọ́n ó ti ń jẹun dáadáa, òjò sì ti bẹ̀rẹ̀ ní Ẹdẹ.

Ọ̀rọ̀ bátìrì ni mo torí ẹ̀ kọ̀wé. Nígbà tí mo sọ fún ọ pé ìyá rẹ fẹ́ kí n fi Píjò mi àtijọ́, tí bátìrì rẹ̀ ti kú, gbé òun lọ sí ìlú Ara, kí ó lọ rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Àǹtí Sìmbíátù, tí àìsàn dá dùbúlẹ̀, o fi àwòrán bátìrì méjì ránṣẹ́ sórí fóònù, o ní kí n tẹ ọ̀kan, ti ojú títì tàbí ti tíráàkì. Mo rò ó dáadáa. Mo ní ojú títì la ó gbà lóòótọ́, ṣùgbọ́n a ó kọjá lórí tíráàkì reluwé kí a tó jáde nílùú, ibẹ̀ ló sì ṣòro jù. Ni mo bá tẹ tíráàkì. N kò mọ̀ pé pápá tí ẹ ti ń sáré ìje lò ń wí.

Nígbà tí ó dé, ọwọ́ kan ni mo fi gbé e, ó fúyẹ́ bíi búrẹ́dì. Mo ní awakọ̀ tó gbé e wá ti da omi inú rẹ̀ nù. Mo wá ihò tí èèyàn lè gbà bu omi sí i, n kò rí. Wọ́n kọ CCA sí i lára, mo rò pé ṣọ́ọ̀ṣì kan ló ṣe é. Samuel rẹwáyà, tó ń bá mi tún iná ọkọ̀ ṣe, ní rárá, ó ní agbára tí bátìrì fi ń jí mọ́tò nínú òtútù ni. Òtútù wo ló wà ní Ẹdẹ? Fọ́ọ̀mù kan tún wà nínú páálí tó ń béèrè ọjọ́ tí a rà á. Mo kọ ọdún tí mo ra Píjò síbẹ̀, mo sì fi orúkọ ìyá rẹ kún un, torí ọdún yẹn náà ni mo gbé e níyàwó.

Nígbà tí Samuel de bátìrì náà tán láàárọ̀ ọjọ́ tí à ń lọ, ọkọ̀ jí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Samuel ní kí n má kàn pa á lójú ọ̀nà o. Mo gbàgbé. Òjò ṣú, mo tan iná, a dúró ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ fún Àǹtí, mo pa ẹ́ńjìnnì, n kò pa iná, n kò pa rédíò. Ìgbà tí a máa fi ná ọ̀gẹ̀dẹ̀ tán, ọkọ̀ kò tilẹ̀ wúkọ́.

Láyé ọjọ́un, tí mo ń fi Píjò yìí kérò láti Ẹdẹ lọ sí Sekona àti Ara, èrò fúnra wọn ló máa ń sọ̀ kalẹ̀ tì í tí bátìrì bá ti gbó. Bẹ́ẹ̀ náà làwọn ọlọ́gẹ̀dẹ̀ ṣe tì wá lọ́jọ́ náà, tẹ̀rín-tẹ̀rín. Ìyá rẹ jókòó sí iwájú, ó ní ṣé mo rántí pé òun nìkan ni n kì í jẹ́ kó sọ̀ kalẹ̀ nígbà yẹn, tí àwọn èrò yòókù ń bínú. Mo ní mo rántí.

Nígbà tí a dé Ara, mo fun fèrè. Àwọn ará ilé ní ó ti tó ọjọ́ méjì tí Àǹtí kò ti sọ̀rọ̀, àfi bí Àǹtí fúnra wọn ṣe dáhùn látinú yàrá pé mọ́tò Àtàndá nìyẹn. Àwọn méjèèjì di ara wọn lọ́wọ́ mú títí di ìrọ̀lẹ́, wọ́n ń sọ̀rọ̀ ilé ìyá wọn.

Samuel ti wá ṣàlàyé rẹ̀ yé mi. Ó ní mọ́tò ìje kò fẹ́ ẹrù, eré lásán ló mọ̀, ìdí nìyẹn tí bátìrì rẹ̀ fi fúyẹ́. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ojú títì ń dúró, ó ń tún jí, ó ń tanná, ó ń fun fèrè, ó fẹ́ bátìrì tó wúwo, tó ní agbára nípamọ́. Jọ̀wọ́, fi ìyẹn ránṣẹ́, kí o fi owó epo díẹ̀ kún un, torí Àǹtí ń retí wa lọ́jọ́ Jímọ̀.

Ní báyìí, bí ilẹ̀ bá ti tutù nírọ̀lẹ́, ìyá rẹ á lọ jókòó nínú Píjò lẹ́yìnkùlé. Á ní kí n wá di ìdarí ọkọ̀ mú. A kì í lọ síbì kankan. Mo kàn ń pe orúkọ ìlú fún un bí mo ṣe máa ń pè é férò láyé ọjọ́un, Sekona, Awo, Ara, òun náà á máa sọ fún mi ẹni tó ń gbé níbẹ̀ nígbà náà.

Kí Ọlọ́run fún ìwọ náà ní ẹni tí ẹ ó jọ gbó sínú ọkọ̀ kan náà. Àmín.

Èmi bàbá rẹ,
Àtàndá