Káàdì Ilé Ìwòsàn Kan fún Èèyàn Mẹ́jọ

Bàbá mi, ẹ kú ilé o. Ẹ kú oòrùn Kétu, ẹ kú ariwo àwọn alùpùpù tí ẹ ń tún ṣe. Màámi, mo kúnlẹ̀ o, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilẹ̀ yàrá Aunty Sídí, tí mò ń gbé lọ́dọ̀ wọn ní Peckham níbí, tutù bíi yìnyín. Ẹ̀gbọ́n mi Ṣakírátù, mo kí yín, mo kí ẹni tó wà níkùn yín.

Bàbá, inú ń bí mi. Mo wọ bọ́ọ̀sì láti New Cross dé Peckham, inú ń bí mi. Mo gun àtẹ̀gùn dé àjà kẹfà torí líìfùtù estate wa ti kú, inú ṣì ń bí mi. Gbangba ni mo sì ń kọ ọ́ sí, torí ilé wa nìkan kọ́ ló ń ṣe irú rẹ̀.

Ẹ rántí káàdì ilé ìwòsàn tí ẹ gbà fún mi nígbà tí alùpùpù kọlù mí lẹ́sẹ̀? Láti ọjọ́ náà, gbogbo ilé ló ń lò ó. Ẹ ní ta ló fẹ́ lọ to ìlà gba òmíràn. Èèyàn mẹ́jọ, orúkọ kan: Múínátù. Kò sí wàhálà nígbà náà, torí Nọ́ọ̀sì Àgbà mọ gbogbo wa láti ìkókó. Bó bá ṣí i, á ní ìbà Bàbá nìyí, ikọ́ Màámi nìyẹn. Òun náà ló fi bíírò pupa kọ ọ́ gàdàgbà sí ẹ̀yìn káàdì pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fún Ṣakírátù ní pẹnisilíìnì, lẹ́yìn tí abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo mú ojú wọn wú bíi búrẹ́dì tó já sómi, tí èémí wọn sì fẹ́ dúró.

Nọ́ọ̀sì Àgbà fẹ̀yìn tì. Orílẹ̀-èdè wa, tó kéré débi pé bí mo bá sín ní ìlà oòrùn wọ́n á kí mi pẹ̀lẹ́ ní ìwọ̀ oòrùn, wá ní kí gbogbo kọ̀ǹpútà ilé ìwòsàn máa tẹ̀lé ìlànà kan náà, kí wọ́n lè máa fi ìwé aláìsàn ránṣẹ́ síra wọn, àní títí dé òkè òkun. Wọ́n kó fìlà tuntun àti makirofóònù wá ṣe ayẹyẹ rẹ̀. Àwọn ọmọ tí wọ́n gbà síṣẹ́ tẹ gbogbo inú káàdì wọlé bíi ti ẹnì kan. Wọn ò yí i padà wo ẹ̀yìn. Wọ́n kọ́ kọ̀ǹpútà lọ́rọ̀ sísọ, wọn ò bi í bóyá òótọ́ ló ń sọ. Tẹ́lẹ̀, irọ́ wa jókòó jẹ́ẹ́ nínú àpótí kan ní Kétu. Wọ́n ti bá a gba físà báyìí.

Ó kàn mí lánàá. Kọ́lẹ́ẹ̀jì mi fẹ́ mọ abẹ́rẹ́ àjẹsára tí mo ti gbà. Ẹ gba àmì onígun mẹ́rin kan tí kọ̀ǹpútà fi ń ṣí ìwé aláìsàn (QR code) ní ilé ìwòsàn, ẹ fi ránṣẹ́ sórí fóònù mi, mo sì gbé e lọ bá nọ́ọ̀sì ní GP, ilé ìwòsàn àdúgbò wa níbí. Ó wò ó, ó wò mí, ó lọ ti ilẹ̀kùn. Ó rọra bi mí pé àwọn ọmọ mẹ́ta tí mo bí dà. Mo bú sẹ́rìn-ín. Ó ní ìwé sọ pé mo ti ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru fún ogún ọdún. Mo ní ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni mí, ẹ̀jẹ̀ náà ti ń ru kí wọ́n tó lóyún mi nìyẹn. Kò rẹ́rìn-ín. Ó na ọwọ́ sí fóònù láti pe àwọn tó ń gba ọmọ lọ́wọ́ ẹbí. Aunty Sídí fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní Lewisham, wọ́n sáré dé tàwọn taṣọ iṣẹ́, wọ́n fi Kùránì búra pé ọmọ yìí ò tíì mọ ẹyin dín, áńbọ̀sì ọmọ mẹ́ta.

Ẹ̀rín tán lẹ́nu mi nígbà tí nọ́ọ̀sì kà á dé ibì kan: pẹnisilíìnì, ẹ̀ẹ̀mẹta, kò ṣe é ní nǹkan kan. Tèmi nìyẹn, ti ẹsẹ̀ mi.

Mo pè yín lójú ẹsẹ̀. Ẹ ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n máa ṣe iṣẹ́ abẹ gbé ọmọ Ṣakírátù ní ilé ìwòsàn ńlá, káàdì mi sì ni wọ́n máa mú lọ. Mo ní kí Ṣakírátù lo orúkọ ara wọn. Ẹ ní ṣé mo fẹ́ kí wọ́n pe ìdílé wa lólè ni. Mo ní kọ̀ǹpútà á sọ pé ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni wọ́n. Ẹ ní kí wọ́n sọ pé àwọn tètè dàgbà ni. Màámi ní ẹnu ni wọ́n máa fi sọ ti pẹnisilíìnì. Ẹnu wo? Ẹnu ẹni tí wọ́n ti gún lábẹ́rẹ́ oorun? Dókítà yẹn ò mọ Ṣakírátù rí. Kọ̀ǹpútà ló máa bi, kọ̀ǹpútà sì ti ní kò séwu.

Bàbá, òtútù ibí ò tíì pa mí. Àárò yín ń sọ mí débi pé fíríìjì ni mo ń bá sọ Yorùbá. Ṣùgbọ́n mi ò ní dákẹ́ kí ìtìjú yín pa ẹ̀gbọ́n mi.

Láàárọ̀ yìí, mo pe ilé ìwòsàn Kétu, mo sì tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀. Ọ̀gá wọn kọ́kọ́ fi ìjọba halẹ̀ mọ́ mi. Mo ní kó lọ halẹ̀ mọ́ àwọn tó ń tẹ ìwé láìyí i padà. Lẹ́yìn náà ló ní òun máa ti káàdì náà pa, ẹnikẹ́ni ò ní lè fi gba ìtọ́jú mọ́, kí olúkúlùkù yín wá gba tirẹ̀, kí Ṣakírátù kọ́kọ́ dé. Ẹ̀yin ni kí ẹ mú wọn lọ, Bàbá. Ẹnu ara yín ni kí ẹ sì fi sọ ọ́. Ẹ lè bínú sí mi títí di Iléyá. Ṣakírátù náà lè bínú. Ohun tí mo fẹ́ ni kí wọ́n wà láàyè láti bínú.

Kí Ọlọ́run sọ̀ wọ́n kalẹ̀ láyọ̀, tìyá tọmọ. Kó fún yín lẹ́mìí gígùn, kó sì jẹ́ kí ẹ dé ìlà yẹn kí oòrùn tó mú. Ẹ bá mi kí Ìyá Àgbà, ẹ kí àwọn àbúrò mi, ẹ kí gbogbo ará àdúgbò.

Èmi ni, ọmọ yín tó tú àṣírí,
Múínátù