Ta Ni Yóò Kọ Ewì Sójú Ibojì Mi

Èmi Decimius Auspicatus, ọmọ Salvidius, olùkọ́ ọ̀rọ̀ sísọ àti ewì ní ìlú Burdigala, ni mo pa àṣẹ yìí. Ara mi ò le mọ́, ṣùgbọ́n orí mi pé, ahọ́n mi sì ṣì mú. Ẹ̀yin ajogún mi, àti ìwọ Gaudiosus tí mo ti dá sílẹ̀ lóko ẹrú, tí mo sì fi ṣe alámòójútó ìhágún yìí, ẹ fetí sílẹ̀.

Ìkíní. Ilé etí odò Garumna jẹ́ ti Aviola ìyàwó mi, pẹ̀lú ìdajì oko àjàrà tó ṣẹ́ kù. Ìjọba ti pín ìdajì yòókù fún Gudila ará Goti, ọ̀kan lára àwọn àjèjì tó ń jọba lé wa lórí báyìí. Aviola, mo fẹ́ràn rẹ. Àmọ́ mi ò tíì gbàgbé ọjọ́ tí o ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, tí o ní, "Ọkọ mi, ọ̀rọ̀ Bíṣọ́ọ̀bù yé mi yékéyéké. Tiyín náà dùn, àmọ́ oorun ló máa ń gbé mi lọ."

Evanthius ni Bíṣọ́ọ̀bù ọ̀hún. Ọ̀dọ̀ olùkọ́ kan náà la ti jọ kẹ́kọ̀ọ́, èmi ni mo sì ń gba ipò kìíní. Lónìí ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ kún fọ́fọ́, ilé ẹ̀kọ́ mi dá páro. Ó ń fi èdè àwọn apẹja wàásù, wọ́n sì ń sunkún. Mò ń jowú rẹ̀, mi ò purọ́.

Ìkejì. Gaudiosus, ìwọ lo ni ìbaaka mi. Ó máa ń tàpá, ìwọ náà mọ̀ ọ́n.

Ìkẹta. Evanthius ti fi ọ̀wọ̀ tọrọ àga gíga tí mo fi ń kọ́ni, pé kí òun gbé e sí ṣọ́ọ̀ṣì. Kò ní fojú kàn án. Ẹ gbé e fún Gudila. Ìdajì ewì tí mo ń kà ni kò yé e, síbẹ̀ ó ń wá jókòó, ó ń ní, "Bàbá, ẹ tún un kà, ó ń dún bí ẹṣin tó ń sáré."

Ìkẹrin. Lampadius ọmọ àbúrò mi ló ni àwọn ìwé mi, bí iṣẹ́ akọ̀wé ọba Goti bá jẹ́ kó ráyè kà wọ́n.

Ìkarùn-ún. Nílé tiwa, ẹni tó kú tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ò kọ ewì sójú òkúta rẹ̀ dà bí ẹni tí kò wáyé rí. Mo ti kọ́kọ́ kọ ọ́ síbí pé Evanthius kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan tèmi, kí Lampadius kọ ọ́. Lampadius gbìyànjú, láti ìlà kìíní ló ti ń tiro. Mo ránṣẹ́ sí Tolosa, olùkọ́ ibẹ̀ ti kú. Mo ránṣẹ́ sí Narbo, wọ́n ti ń kó ọkà sí ilé ẹ̀kọ́ wọn. Ẹnì kan ṣoṣo ló kù nílẹ̀ yìí tó mọ bí ewì àtijọ́ ṣe ń rìn. Evanthius ni kó kọ ọ́. Kó má fi èdè apẹja kọ ọ́. Kó má kọ orúkọ ara rẹ̀ sísàlẹ̀. Bó bá sì dára ju gbogbo ohun tí mo kọ láyé mi lọ, kí ẹnikẹ́ni má sọ bẹ́ẹ̀ létí ibojì mi.

Mo fọwọ́ sí i: Decimius Auspicatus. Oṣù ìkórè àjàrà. Orúkọ àwọn kọ́ńsù ọdún yìí, àwọn olóyè tí a fi ń dá ọdún mọ̀, kò tíì dé láti Róòmù. Ẹ fi tọdún tó kọjá kà á.

Àwọn ẹlẹ́rìí: Censorius. Maturus. Flavinus. Pontianus. Romulianus. Gudila, ó fi òrùka rẹ̀ tẹ òǹtẹ̀. Ìkeje tí òfin ń béèrè, a wá a títí, a ò rí ẹlòmíì àfi Evanthius, bíṣọ́ọ̀bù. Ó ka gbogbo rẹ̀ tán kó tó fọwọ́ sí i, ó sì bi mí bóyá ìlà ewì mẹ́wàá ni mo fẹ́ sójú òkúta náà tàbí méjìlá. Mo ní méjìlá.