Ẹja Ọ̀sìn Tí Bàbá Radisav Ò Fẹ́ Jẹ

Abúlé Visoka,
Etí Odò Rzav,
Arilje.
Ọjọ́ Kejìlélógún, Oṣù Kejìlá, 2019.

Ljubinka, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lẹ wà o? Ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé ara ti ń mókun? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ìyá ńkọ́, ṣé orúnkún wọn ti ń gbé wọn dé ọjà báyìí? Ẹ kú òtútù o. Yìnyín ti bo òrùlé wa níbí, àmọ́ gbogbo wa wà láàyè, a sì dúpẹ́.

O bi mí bóyá lóòótọ́ ni ẹja tíráòtù tí wọ́n ń sìn nínú adágún ń ṣe ara lóore, torí dókítà ní kí ọkọ rẹ máa jẹ ẹja, àwọn èèyàn sì ń sọ fún yín pé ti ọ̀sìn ò dára. Háà, o bi ẹni tó mọ̀ ọ́n! Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ló gbòde nílé wa láti ìgbà ìwọ́wé.

Ṣé o mọ̀ pé àyà ń dun bàbá ọkọ mi, Bàbá Radisav. Lóṣù kẹwàá, dókítà ní ọ̀rá ti pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ wọn, pé kí wọ́n máa lo oògùn, kí wọ́n fi ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ díndín sílẹ̀, kí wọ́n sì máa jẹ ẹja bíi tíráòtù lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Bàbá gbà, ṣùgbọ́n ẹja odò nìkan ni wọ́n ní àwọn máa jẹ. "Ẹja tó ń jẹun láti inú àpò? Ẹ gbé e fún adìẹ!" Ẹ̀rù bà mí gan-an, torí àyà náà ló pa bàbá tó bí wọn, oko ni wọ́n ti gbé òkú rẹ̀ wálé.

Ìwọ náà mọ̀ mí, n kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ kí n má tú ìdí rẹ̀ wò. Mo gba ọ̀dọ̀ Stamenka lọ, obìnrin tó ń sin ẹja lókè odò, mo ní kí ló ń fún wọn jẹ. Ó bu oúnjẹ náà sí mi lọ́wọ́. Ó ń rùn bí ẹja, torí ẹja lílọ̀ àti òróró ẹja wà nínú rẹ̀. Ó ní ibẹ̀ ni òmégà-3, ọ̀rá tó ń ran ọkàn lọ́wọ́, ti ń wọ ara ẹja. N ò gbà á gbọ́ tán, mo tún lọ bi dókítà. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, àǹfààní ti odò àti ti ọ̀sìn ò jìnnà síra: purotéènì ń bẹ níbẹ̀, fítámì D tó ń mú eegun le ń bẹ níbẹ̀, ìyẹn tó máa ń wọ́n wa nígbà òtútù tí oòrùn ò yọ, fítámì B12 tí ẹ̀jẹ̀ nílò náà ń bẹ níbẹ̀. Ó kàn kìlọ̀ pé kí n má fi ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ dín in, torí ìyẹn ni kéèyàn máa fi ọwọ́ kan kọ́lé kó máa fi èkejì wó o.

Ni mo bá dá ọgbọ́n. Mò ń ra ẹja lọ́wọ́ Stamenka, mò ń gé orí rẹ̀, mò ń bó awọ rẹ̀ kúrò kí Bàbá má bàa dá a mọ̀, torí ti odò máa ń ní àmì pupa tóótòòtó lára, ti ọ̀sìn ò ní in. Mo wá ń sọ fún Bàbá pé ẹnìkan ló pa á lódò fún wa. Wọ́n á jẹ ẹ́, wọ́n á lá ìka. "Ẹ tọ́ ọ wò! Ẹja tó lúwẹ̀ẹ́ fúnra ẹ̀ nìyí!" Èmi á yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ̀rín á fẹ́ pa mí.

Àṣé kinní náà ò ní pẹ́ tú. Lọ́jọ́ Nikola Mímọ́, ọdún ẹni mímọ́ tó ń dáàbò bo ilé wọn, ilé kún. O ṣáà mọ̀ pé inú àwẹ̀ Kérésìmesì ló máa ń bọ́ sí, kò sí ẹran, ẹja lọba tábìlì. Bàbá dúró bí baálé ṣe ń dúró lọ́jọ́ náà, wọn ò jókòó rárá, wọ́n ń bu ọtí fún àlejò. Vukoman tó ń ṣọ́ odò fún ìjọba wà lára wọn. Ó tọ́ ẹja wò, ó ní, "Bàbá, ẹja yìí mà dùn o! Níbo lẹ ti rí i?"

Ẹnu mi ò gbélé. Mo ní, "Ẹja odò ni! Àná ni wọ́n pa á!"

Èmi ọmọ Banat, ilẹ̀ pẹ̀tẹ́lẹ̀ tí kò ní tíráòtù, níbo ni n bá ti mọ̀ pé òfin ti odò pa láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹwàá, kí tíráòtù lè ráyè yé ẹyin, pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ pa á títí di oṣù kẹta? Vukoman gbé fọ́ọ̀kì sílẹ̀. "Ìyàwó, ta ló pa á?"

Bàbá ló dá a lóhùn. "Fi ìyàwó mi sílẹ̀, jàre. Ẹja Stamenka ni. Òun náà ni mò ń jẹ látọjọ́ yìí."

Mo ní, "Bàbá, ẹ mọ̀?"

"Láti kékeré ni mo ti ń pẹja lódò yìí, kí n wá má mọ ìgbà tí wọ́n tì í? Mo máa ń rí ẹ lójú fèrèsé, ìyàwó, tó o bá ń gun òkè lọ nínú yìnyín pẹ̀lú garawa. Ojú wo ni mo fẹ́ fi sọ pé mi ò jẹ?"

Vukoman ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, àwọn yòókù tẹ̀ lé e. Èmi ń sunkún, mo tún ń rẹ́rìn-ín. Ohun tí àgbà rí lórí ìjókòó, èmi gun orí igi, n ò rí i.

Dókítà ní ọ̀rá ẹ̀jẹ̀ wọn ti ń wálẹ̀. Bóyá oògùn ló ṣe é jù, bóyá ẹja ni, òun náà ò lè fọwọ́ sọ̀yà, àmọ́ ó ní ká má dá ọ̀kankan dúró. Nítorí náà, fún ọkọ rẹ ní ẹja jẹ o, má sì parọ́ kankan fún un.

Bá mi kí ìyá, kí o sì fẹnu ko àwọn ọmọ lẹ́nu fún mi. N ò tíì sọ èyí tó dùn jù fún ọ. Nígbà tí àlejò lọ tán, Bàbá jókòó nígbẹ̀yìngbẹ́yín, wọ́n ní kí n gbé ẹja tó kù wá. Wọ́n wo inú àwo, wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Ìyàwó, ó tó gẹ́ẹ́. Má gé orí ẹ̀ dànù mọ́. Láti oṣù kẹwàá ni orí ẹja ti ń wù mí jẹ."

Èmi ni, tìrẹ láti ilé ẹ̀kọ́ wa ní Banat,
Ranka.